Scion xB: Ọkọ̀ Tó Rí Bí Àpótí, Ṣé Ó Yẹ Ìdílé?

Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìbéèrè tó ń wọlé sí abala yìí ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Ọkọ̀ wo ló lè gbé ènìyàn méje?" ni wọ́n máa ń bi mí. Ní báyìí, "Ọkọ̀ wo ni kò ní mu owó oúnjẹ wa mọ́ epo?" ni.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Ìlọrin kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Corolla ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń wá, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wọn kò ká a. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ wá fi Scion xB méjì hàn wọ́n, ọ̀kan 2006, èkejì 2008, tòkunbọ̀ ni àwọn méjèèjì, ó sì ní Toyota náà ni. Baálé ilé ní òun kò lè máa wa ohun tó dà bí àpótí aṣọ kiri ìgboro. Ìyàwó ní àyè ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju ti Corolla lọ, àti pé àpótí aṣọ tó ń rìn sàn ju ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ní kí n bá àwọn dá sí i.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà kò purọ́. Toyota ló ni Scion. Ní 2003 ni wọ́n gbé orúkọ náà jáde ní Amẹ́ríkà, torí wọ́n rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń wo Toyota bí ọkọ̀ bàbá àti ìyá àwọn. Wọ́n mú ọkọ̀ bB tí wọ́n ti ń tà ní Japáànì láti 2000, wọ́n yí sítíárìn rẹ̀ sí apá òsì, wọ́n pè é ní xB, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ogún ọdún wá rà á. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn àgbàlagbà náà rọ́ lọ rà á. Ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ga díẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbàgàdà, tí ènìyàn kò nílò láti ká ara bí àkèré kó tó wọ̀ ọ́, eékún tó ń ro ló mọ iyì rẹ̀. Ní 2016 Toyota pa orúkọ Scion rẹ́, àmọ́ àwọn ọkọ̀ náà ṣì ń ti Amẹ́ríkà wọ Èkó, Kútọnù, Lomé àti Tema títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ xB. Àkọ́kọ́ ni ti 2004 sí 2006. Èkejì ni ti 2008 sí 2015. Orúkọ kan náà, ìrísí tó jọra, àmọ́ ẹ́ńjìnì ọ̀tọ̀, ìwọ̀n ọ̀tọ̀, àìsàn ọ̀tọ̀. Kò sí xB 2007 rárá ní Amẹ́ríkà. Àárín 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta èkejì, ṣùgbọ́n 2008 ni wọ́n kọ sí i. Tí ẹnì kan bá ní 2007 ni tòun, ẹ má bá a jà, ẹ kàn wo nọ́ńbà chassis tí wọ́n ń pè ní VIN. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, àwọn nọ́ńbà àti lẹ́tà pọ̀. Ẹ ka ẹyọ kẹwàá láti apá òsì: 4, 5 àti 6 jẹ́ 2004, 2005 àti 2006, 8 àti 9 jẹ́ 2008 àti 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dé F tó jẹ́ 2015. Nọ́ńbà yìí wà níwájú, lábẹ́ gíláàsì, ní apá awakọ̀, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, láìku ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí àkọ́kọ́. Orí ìpìlẹ̀ Vitz ni wọ́n kọ́ ọ lé, ẹbí Yaris kékeré tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1.5 líítà, 1NZ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é, òun náà ló sì wà nínú Yaris. Èyí ni pé ohun tó bá bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnì, ẹ ó rí i ní Ládípọ̀ ní Èkó, ní Àràrọ̀mí ní Ìbàdàn, ní Apo ní Àbújá, àti ní Suame Magazine ní Kumasi, láìsí pé ẹ ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣéènì ló ń yí táímìn rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ mówó táímìn bẹ́líìtì wá, ẹ ní kó fi ibi tí bẹ́líìtì náà wà hàn yín.

Ní ti epo, ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún àkọ́kọ́ tó jẹ́ otomátíìkì, tí a bá yí i sí ti wa, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 12 lórí líítà kan, tí a bá pa ìrìn ìgboro àti ti òpópónà pọ̀. Ti èkejì jẹ́ bíi kìlómítà 10. Ó lè dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Àmọ́ ìdílé tó ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù yóò ra bíi líítà 83 fún àkọ́kọ́, yóò sì ra 100 fún èkejì. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta líítà kan ládùúgbò yín sọ líítà 17 yẹn di púpọ̀, kí ẹ tún fi oṣù méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yóò mú kí méjèèjì mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyè inú rẹ̀ ni ó yẹ ká dúró lé díẹ̀, torí òun ni ìyá Ìlọrin rí tí ọkọ rẹ̀ kò rí. Gígùn xB àkọ́kọ́ kò pé mítà mẹ́rin, ó fi ju ìdajì mítà kúrú sí Corolla ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó ga tó mítà 1.64. Ẹni tó we gèlè lọ òde kò ní tẹ orí. Ìyá àgbà kò ní máa bú ẹni tó ra ọkọ̀ kó tó jókòó. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kò kan ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, bẹ́líìtì mẹ́ta ló sì wà fún ènìyàn mẹ́ta lẹ́yìn. Torí pé ti Amẹ́ríkà ni, ìkọ́ irin tí a fi ń de ìjókòó ọmọdé mọ́ ọkọ̀ wà láàárín ibi tí ẹ̀yìn ènìyàn àti ìdí ènìyàn ń fara kan. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ ra ọkọ̀ láìbéèrè èyí.

Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá jókòó lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ kò jìn. Ẹrù ìrìn-àjò Kérésì tàbí ti Iléyá yóò ga dé fèrèsé ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì náà kò lágbára púpọ̀: ènìyàn márùn-ún, ẹrù, àti éasí tó ń ṣiṣẹ́, lórí òkè tó wọ lọ sí Jọs, yóò mí gúlegúle. Trélà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí eré yóò tì í díẹ̀, torí ara pẹlẹbẹ gbogbo ni. Ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ọ̀nà àdúgbò tó ní kòtò àti gegele yóò máa ha bọ́ńpà rẹ̀. Gíláàsì iwájú rẹ̀ dúró ṣánṣán, òkúta tó bá ta láti ẹ̀yìn tìpà kò ní yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Gíláàsì yẹn, iná iwájú àti bọ́ńpà kì í ṣe ti Yaris. Ti xB nìkan ni. Ẹ́ńjìnì lẹ ó tètè rí, gíláàsì lẹ ó wá títí. Tí èyí tí wọ́n fi hàn yín bá ti sán níwájú, ẹ lọ béèrè iye gíláàsì kí ẹ tó dá iye fún un.

Ọdún ti ń gorí ọdún fún un pẹ̀lú. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ti ń bọ́ máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ irin. Ìpáàǹtì tuntun dúdú kírikíri tí wọ́n fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ó ń bo nǹkan ni. Ẹ mú òòlù kékeré dání, kí ẹ fi kàn án níbi tó bá rí bó-ṣe-rí. Irin tó sàn a dún, èyí tó ti jẹrà a dákẹ́.

Ó kan èkejì. Ó gùn sí mítà 4.25, ó fi ju kílò 250 wúwo ju àkọ́kọ́ lọ, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì di 2.4 líítà. Agbára rẹ̀ pọ̀, ó dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà márosẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ní airbag lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ti ojú fèrèsé. Ẹ́ńjìnì náà ni 2AZ tó wà nínú Camry tí a ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009. Ẹni tó ti ní Muscle rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn kan nínú ẹ́ńjìnì yìí ń jẹ ọ́ìlì. Rííngì písítìnì rẹ̀ ni kì í ká ọ́ìlì dáadáa, ọ́ìlì á bọ́ sí ibi tí epo ti ń jó, á bá epo jó. Toyota fúnra wọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi kún ọdún ìdánilójú fún àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn ní Amẹ́ríkà. Ìdíwọ̀n tí wọ́n lò ni pé ọkọ̀ tó bá jẹ tó nǹkan bíi líítà ọ́ìlì kan láàárín kìlómítà 1,900 ti ṣàìsàn. Ìdánilójú yẹn ti tán, kò sì bá ọkọ̀ wá sí Àpápá.

Ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú oníṣòwò kò lè fi èyí hàn. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ má sọ àsìkò tí ẹ ń bọ̀. Tí bóńẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná nígbà tí ẹ dé, wọ́n ti tan án ṣáájú, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ wo bó ṣe ga tó àti bó ṣe ki tó. Ọ́ìlì tó ki bí oyin lè jẹ́ ohun tí wọ́n dà sí i kó má bàa rú èéfín. Ẹ ní kí ẹlòmíràn tan án, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ tọ́rọ́tù lójijì. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù ni ẹ ń wá. Ẹ ki ìka bọ ẹnu èkísọ́ọ̀sì nígbà tó bá tutù. Dúdú gbígbẹ kò burú, dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìka bí ọ̀dà ni kí ẹ sá fún.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Èyí tó kàn jẹ́ ti ẹ̀mí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, kódà bí ẹ kò bá ní í ra Scion láéláé.

Airbag iwájú, ní apá ẹni tó jókòó ti awakọ̀, nínú xB 2008 títí dé 2015 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí Takata. Takata jẹ́ ilé-iṣẹ́ Japáànì tó ń ṣe ohun tí ń fẹ́ àpò airbag sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonium nitrate ló wà nínú agolo irin kékeré tó ń fẹ́ àpò náà. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba kẹ́míkà yìí jẹ́ bí ọdún ti ń lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, dípò kó fẹ́ àpò náà bó ti yẹ, agolo yẹn a bú gbàù, èérún irin a sì fò lu ojú àti ọrùn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ju ogún ènìyàn lọ tó ti kú báyìí ní Amẹ́ríkà nìkan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 agolo ni ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n pè padà, Takata sì wó ní 2017.

Ẹ ronú ibi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀. Èkó, Port Harcourt, Kútọnù, Lomé, Accra. Ojú ọjọ́ tó ń ba ohun yìí jẹ́ ni ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá lo ìyókù ayé rẹ̀ nínú. Ẹ tún ronú ẹni tó máa ń jókòó níbẹ̀ nínú ìdílé wa: ìyá, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lórí itan. Ọmọ kò gbọdọ̀ wà níwájú airbag èyíkéyìí, yálà ó sàn tàbí kò sàn. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ti ọmọ.

Mẹkáníìkì kò lè fi ojú rí àìsàn yìí, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò náà kò lè rí i. Nọ́ńbà VIN ló mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí nhtsa.gov, ibi ìpamọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ààbò ọkọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Recalls" sí, kí ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún náà sí i. Ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù náà lẹ ó ti ṣe é, yóò sì sọ bóyá iṣẹ́ àtúnṣe kan ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe. Ẹ fi ti 2006 náà wò ó, kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Tí ọkọ̀ náà bá ṣì wà ní Amẹ́ríkà, bí ìgbà tí àbúrò yín ní Houston fẹ́ bá yín rà á, ọ̀rọ̀ rọrùn: ẹ ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú Toyota níbẹ̀ kó tó gbé e lọ sí èbúté. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ àwọn tó sanwó ọkọ̀, tí wọ́n sanwó ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n san ti aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá fi ìrìn ìdajì ọjọ́ tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀ sílẹ̀. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ mú VIN lọ bá aṣojú Toyota tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe é àti iye rẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má jẹ́ kí rewáyà ẹ̀bá ọ̀nà tú u, ohun tó ń bú ni. Ẹ má sì ra airbag Bẹ́ljíọ̀m, torí ẹ kò mọ ara ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́.

Ohun kan tún kù lórí airbag. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti jẹ́ ọkọ̀ tó jàm̀bá kó tó dé orí gbàgede ìtajà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì. Iná pupa airbag gbọ́dọ̀ tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nínú xB, àárín ni àwọn agogo eré wà, kì í ṣe ẹ̀yìn sítíárìn, ẹ má wá a síbi tí kò sí. Tí iná náà kò bá kú, nǹkan ti bàjẹ́. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ sì mọ ìdí tó fi yọ ọ́.

Sí ẹ̀yin méjèèjì ní Ìlọrin: tó bá jẹ́ pé iléèwé, ọjà àti ilé ìjọsìn ni ọkọ̀ yìí máa ń lọ, 2006 ni èmi yóò lọ wò ṣáájú, tí abẹ́ rẹ̀ kò bá ti jẹrà. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń rin Ìlọrin sí Àbújá lóṣooṣù pẹ̀lú ẹrù, 2008 yóò tù yín lára jù, àmọ́ ẹ má sọ̀rọ̀ owó rẹ̀ títí ẹ ó fi gba VIN. Oníṣòwò tó bá kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà ti dáhùn ìbéèrè yín. Baálé wa, ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ yẹn ní òdodo nínú: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, kì í tètè lọ bíi Corolla. Ṣùgbọ́n ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ lónìí náà nìyẹn.

Ẹlòmíràn béèrè láti Kútọnù nípa Toyota bB tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tí wọ́n ní àwọn yóò gbé e sí òsì. Èmi kò ní í gbà á. Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà ní 1972, Gánà ní 1974, Benin àti Tógò náà ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà sítíárìn òsì ni gbogbo wa nílò. Ọkọ̀ tí wọ́n gé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, tí wọ́n fa okùn bíréèkì àti wáyà airbag gba ibi tí Toyota kò fà á gbà, ọwọ́ ẹni tó gé e ni ẹ̀mí yín wà.

Ní ti àwọn àpótí yòókù: Nissan Cube tó wọ Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2014 dára lójú, àmọ́ gíà CVT ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, Nissan fúnra wọn sì fi kún ìdánilójú gíà àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Èmi yóò yà fún un. Kia Soul ń pọ̀ sí i lójú títì wa, ó sì yẹ fún ìdílé, àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó ń lo kọ́kọ́rọ́ lásán ní Amẹ́ríkà kò ní ohun tó ń dènà olè nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n sì jí púpọ̀ nínú wọn gbé. Ẹ wo ìdí sítíárìn rẹ̀ dáadáa. Tó bá ti fọ́ tàbí tí wọ́n fi téèpù dè é, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ VIN. Ọ̀rọ̀ Soul pọ̀ ju èyí lọ, òun la ó gbé yẹ̀ wò nínú abala tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń lo ọ̀kan lọ́wọ́, kó kọ̀wé sí wa nípa bó ṣe ń mu epo.